Omi Tí A Kì Í Bu Omi Là

Bí ẹ bá sọ fún Baba Isokichi pé oúnjẹ rẹ̀ dùn, á ní kò dùn. Bí ẹ bá ní ilé rẹ̀ mọ́, á ní ẹ̀gbin ló kún un. Bí ẹ bá ní ara rẹ̀ yá gágá, á ní ikú lòún ń dúró dè. Gbogbo wa ní àfonífojì yìí la máa ń sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí ẹni tó bá yin ara rẹ̀ lówùúrọ̀, àwọn aládùúgbò á ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Baba Isokichi yàtọ̀. Àwa yòókù, irọ́ ìrẹ̀lẹ̀ là ń pa. Òun ní tirẹ̀, òótọ́ ló ń sọ, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́ rí.

Fusae ìyàwó rẹ̀, tó ti dolóògbé, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Nígbà tí Isokichi lọ tọrọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní, ó ní, "Bàbá, n kò mọ nǹkan kan ṣe ju kí n ro omi ìwẹ̀ lọ. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo máa ń hanrun." Bàbá Fusae fọwọ́ gbá itan, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀! Ẹ gbé ọtí wá!" Fusae máa ń sọ fún mi nígbà tí a bá jọ ń fọ abọ́ pé, "Tatsue, ọkùnrin yẹn sọ gbogbo òótọ́ fún bàbá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi gbọ́ hanrun náà."

Èmi ni Tatsue. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń tẹ́ ibùsùn fún àlejò, tí mo sì ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn ní yàrá, nílé àlejò Nezasa. Kì í ṣe ọmọ òkè yìí ni mí. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìyá mi ti máa ń pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń há pé ẹja tòun nìkan ló tútù, pé tàwọn yòókù ti rà. Nígbà tí mo dé ibí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ìyá Ilé, obìnrin tó ni ilé àlejò yìí, fi kọ́ mi bí a ṣe ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó ní kí n máa sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo inú abọ́. Akàn wà níbẹ̀, olú igbó wà níbẹ̀, ẹja odò wà níbẹ̀. Mo gbé e síwájú àlejò, mo ní, "Ẹ má bínú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o." Àlejò náà jẹ ẹ́ tán, ó fá abọ́.

Omi ilé wa ló ń fa èrò wá. Abẹ́ òkè ló ti ń sun, ó sì gbóná débi pé ẹyin tí a bá gbé sẹ́nu ìsun lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ á ti jinná kí a tó fọ abọ́ tán. Ọ̀nà omi onígi ló ń gbé e wá sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tí ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó sí. Kò sí ẹlẹ́ran ara tó lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé àlejò mìíràn á ṣí ẹ̀rọ omi tútù lé e lórí, ọ̀rọ̀ tán. Ní Nezasa, èèwọ̀ ni. Pátákó kan wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, baba-ńlá Ìyá Ilé ló kọ ọ́: A KÌ Í FI Ẹ̀KÁN OMI KAN KÚN UN. Nítorí náà, dandan ni kí ọkùnrin kan máa jí ní ìdájí, kí ó fi pákó tó gùn ju òun alára lọ ro omi yẹn bí ẹni ń fi ọmọorógùn òmìrán rokà, títí ooru á fi jáde lára rẹ̀, kí ó sì máa fi òkúta dí ọ̀nà omi níwọ̀nba. Aromi là ń pè é. Lábẹ́ pátákó yẹn ni wàláà igi kékeré mẹ́ta kọ́ sí: orúkọ baba-ńlá Isokichi, orúkọ bàbá rẹ̀, àti orúkọ òun náà. Kò ní ilẹ̀, kò ní oko, Ọlọ́run ò sì fún un lọ́mọ. Wàláà yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Ọdún kọkànlá rèé tó já bọ́ láti orí òrùlé ilé ìwẹ̀ níbi tó ti ń kó yìnyín kúrò. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé apá yẹn kọjá etí mọ́ títí ayé. Ó lọ bá Ìyá Ilé.

"Mi ò wúlò mọ́," ló wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn."

Ìyá Ilé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ta ló tún kù láyé yìí tó lè ro omi bíi tiyín?"

"Apá mi ò gbé pákó mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́dún tó kọjá pé ojú yín ò ríran mọ́."

Lóòótọ́ ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Lóòótọ́ sì ni ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, mo jí lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ láti mú ráádíṣì, gbòǹgbò funfun tí à ń jẹ, tí a so sókè èéfín kó lè gbẹ. Mo bá Baba níbẹ̀, korobá onígi mẹ́rin wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yìnyín kún wọn dẹ́nu. Ó fẹ́ fi ara bò wọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

"Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe, Baba?"

"Mo fẹ́ fi bọ́jú."

"Korobá mẹ́rin?"

"Ojú mi tóbi."

Ó wò mí. Ó ní, "Tatsue, ṣé omi ni yìnyín?"

"Tó bá yọ́ ni, Baba."

"Pátákó ò mẹ́nu ba yìnyín."

"Kò mẹ́nu bà á."

Mo di etí korobá kan mú, ó di etí kejì mú, a gbé e wọlé. Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń rù ú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń wú u nínú kòtò tí a ń fi koríko àti èèpo igi bo yìnyín mọ́lẹ̀ sí. Ráádíṣì ló sábà máa ń wà nínú àwọn korobá wọ̀nyẹn kí n tó dà á jáde fún iṣẹ́ wa, n kì í sì í fọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ má sọ fún Ìyá Ilé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà yẹn gan-an ni òkìkí omi wa wá búrẹ́kẹ́. Ọkùnrin kan wà, Tíṣà Kuramochi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo oṣù kìíní ọdún ló máa ń wá lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Denroku, àgbẹ̀ onírẹsì. Tíṣà gbà pé òun mọ omi ju ẹja lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí yìnyín wọ inú omi yẹn, ó rì í dé ọrùn, ó di ojú, ó ní, "Áà! Ọwọ́ Isokichi ti gòkè àgbà. Kò lo agbára mọ́. Omi yìí ti rọ̀. Denroku, gbóòórùn rẹ̀. Igbó ni. Èéfín ni. Ilẹ̀ àtijọ́ ni." Ráádíṣì ni. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àlejò, àwọn oníwèé ìròyìn kà á, wọ́n gbé ẹ̀rọ fọ́tò wá. Baba sọ fún wọn pé kò tó nǹkan, pé ẹ̀tàn lásán ni. Wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀gá tó ga jù kì í mọ̀ pé òun ga.

Nígbà ìkórè tó kọjá, Baba pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, Ìyá Ilé sì wá gbà kó sinmi. Ó mú Morio wá dípò rẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta tó ti ń ro ìrẹsì nínú ilé ìpọntí títí wọ́n fi ti ilé ìpọntí náà pa. Morio ní ìyàwó, ó ní ọmọbìnrin kan tó ń lọ sílé ìwé lábúlé wa níbí, ó sì ní èjìká méjì tó dá ṣáká. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Baba pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wà níbẹ̀, mò ń to aṣọ ìwẹ̀.

"Morio, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kọ́ ẹ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ò ju kí n da yìnyín sí i lọ."

Morio tẹríba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó yọ ìwé kékeré lápò, ó kọ nǹkan sí i. Mo yọjú wò ó. Ohun tó kọ ni pé aromi gbọ́dọ̀ mú ọkàn rẹ̀ tutù bíi yìnyín.

"Yìnyín gidi ni mò ń wí," Baba ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Yìnyín gidi." Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Baba wò mí, mo gbé èjìká. Nígbà tí Morio lọ tán, a jọ fọkàn ara wa balẹ̀. A ní ẹni tó ní èjìká méjì, kí ló fẹ́ fi yìnyín ṣe? Òun á ro omi bó ṣe yẹ kí wọ́n rò ó, yìnyín á sì kú sínú kòtò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ rí i, arúgbó méjì tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú kì í ronú jìnnà.

Oṣù kìíní dé, Tíṣà dé pẹ̀lú Denroku. Morio jí ní ìdájí, ó fi pákó ro omi nígbà ẹgbẹ̀ta, ó kà á. Omi baba-ńlá gidi ló wà nínú ọpọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tíṣà ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́ kíá, ó wò ó bóyá ó ṣì pé.

"Hùn," ló wí. "Omi yìí… ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí."

"Ó gbóná," ni Denroku wí.

"Mo ní ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí."

Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ní omi rẹ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó ti pa ọ́ sin nìyẹn. Morio gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń to korobá. Lọ́jọ́ kejì, ó rò ó nígbà ẹgbẹ̀rin. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ̀rún. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó fi aṣọ wé e. Àwọn àlejò yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde kíákíá, wọ́n ń dúpẹ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú itan pípọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin, Tíṣà kò sọ nǹkan kan nípa omi rárá. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó bi mí bóyá ara Baba Isokichi le. Morio dúró lẹ́yìn mi nígbà tó béèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Morio wá bá mi nílé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n Tatsue, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé ìròyìn àtijọ́ wà?"

"Kí lo fẹ́ fi wé?"

"Abọ́ ìrẹsì wa ni. Ọ̀túnla la máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti bá mi ríṣẹ́ nílùú ńlá, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Màá máa juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, kí wọ́n bọ́ sápá òsì."

"Ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń sunkún látàná." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ wé. "Ẹni tí ò lẹ́bùn ò yẹ kó máa ba orúkọ Ọ̀gá jẹ́. Mo tiẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi. Bóyá ọkàn mi ni kò tutù tó."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Mo wọ bàtà onígi, mo gba inú yìnyín lọ sí ahéré tí Baba ń gbé lẹ́yìn ọgbà. Ó ń mu tíì.

"Ìrẹ̀lẹ̀ yín ti fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ máa juwọ́ sí mọ́tò!" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó sì ń lọ sílé ìwẹ̀ láìwọ ẹ̀wù òtútù.

Tíṣà àti Denroku wà nínú omi nígbà tó wọlé, ìyẹn ni pé Denroku ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, Tíṣà sì jókòó sétí rẹ̀. Morio wà ní kọ̀rọ̀ kan, ó ń fọ àga ìwẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn aṣọ búlúù tí a ta sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọkùnrin. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀ bí wọ́n bá wà ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí etí má wọ̀ ọ́. Baba kúnlẹ̀, ó fi orí kan pákó ilẹ̀.

"Tíṣà, Denroku, ẹ dárí jì mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi da yìnyín sínú omi yìí. Èjìká mi ti bàjẹ́. Omi tí Morio rò yìí lomi tòótọ́. Mi ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú. Tíṣà ló ń sunkún.

"Denroku, ṣó o gbọ́? Àgbà ọ̀jẹ̀ rèé! Ó ń ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lè rójú rere. Irú wọn ti tán láyé."

"Ó ní yìnyín," ni Denroku wí.

"Àkàwé ni."

"Kì í ṣàkàwé, Tíṣà!" Baba tún fi orí gbá pákó, mo gbọ́ ìró rẹ̀.

"Wo bó ṣe ń sẹ́ ẹ! Wò ó!"

Morio náà ti ju kànrìnkàn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò yẹ lẹ́ni tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ parọ́." Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó lọ di ẹrù tó kù.

Mo wọ́ Baba lọ sílé ìdáná. Mo jókòó tì í.

"Ẹ̀yin lẹ b'ọ̀rọ̀ ara yín jẹ́," ni mo wí.

"Kí ni mo ṣe? Mo sọ ọ́."

"Ẹ tẹríba! Ta ló ń gba ẹni tó tẹríba gbọ́ lórí òkè yìí? Bí apànìyàn bá tẹríba níbí, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ tutù. Ẹ fi yangàn!"

"Kí n fi ẹ̀tàn yangàn?"

"Bí ìyá mi ṣe ń fi ẹja yangàn. Ẹ nàró. Ẹ gbáyà síwájú. Ẹ ní: Èmi Isokichi!"

"Èmi Isokichi, tí mi ò tó…"

Mo fi ṣíbí ìrẹsì gbá a lórúnkún. "Ẹ tún un sọ."

"Èmi Isokichi, ẹ má bínú…"

Mo tún gbá a. Nígbà kẹrin, ó yíjú sí iná.

"Tatsue, wọ́n á yọ wàláà mi."

N kò parọ́ fún un. "Wọ́n á yọ ọ́."

"Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ló wà."

"Mo mọ̀."

"O ní ọmọ yẹn ti ń sunkún látàná?"

"Látàná."

Ó dìde. Ó fa aṣọ rẹ̀ tọ́. Èjìká tó yẹ̀ yẹn wá sókè ju bí mo ti rí i fún ọdún mọ́kànlá lọ, mo rí i pé ó ń dùn ún. Ó jáde, mo tẹ̀ lé e. Bí a ti kọjá yàrá Morio, mo gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní, "Jáde wá gbọ́ bí ọ̀gá ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀!"

"Kuramochi!"

Baba ló ké e nínú ilé ìwẹ̀. Kò ní Tíṣà. Kò ní ẹ jọ̀ọ́. Kuramochi gbangba, bí ẹni ń pe ajá. Mo di aṣọ ẹnu ọ̀nà mú, Morio sì dúró tì mí, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ìwọ tó o ní o mọ omi ju ẹja lọ! Èmi Isokichi, mo ti tàn ẹ́ jẹ fún ọdún mọ́kànlá gbáko! Òórùn igbó tó o kọ sínú ìwé, ráádíṣì Tatsue ni! Korobá ráádíṣì ni mo fi ń bu yìnyín! Ọjọ́ táwọn oníwèé ìròyìn wá, korobá mẹ́rìndínlógún ni mo dà sí i, o wá jáde nínú ẹ̀, o ní kò sírú ẹ̀ láyé. Òótọ́ lo sọ, kò sí! Láti òkè yìí títí dé etí òkun, kò sẹ́lẹ́tàn tó tó mi! Ọmọkùnrin tó ń ro omi fún ẹ yìí lagbára, ó mọṣẹ́, omi bàbá mi ló ń fún ẹ, ìwọ lò ń yọ ẹsẹ̀ bí ológbò!"

Ẹni àkọ́kọ́ tó fọhùn ni Denroku. Ó ní, "Ráádíṣì!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ ṣubú sínú omi, omi náà jó o, ó kígbe, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Denroku, ó pè mí ní Kuramochi lásán. Ó yangàn. Ọkùnrin yìí yangàn lójú mi." Ó tún ní, "Nígbà náà, òótọ́ ni."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó mú òótọ́ náà wá. Ìyá Ilé pe Baba sí yàrá rẹ̀. Èmi ni mo gbé tíì wọlé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìda ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì sọ pé, "A dúpẹ́ pé ẹ sọ fún wa." Lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn yẹn wúwo ju ìgbátí lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà náà?" ló bi í.

"Mo sọ fún yín."

Ìyá Ilé wo inú ife rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó gùn ún fúnra rẹ̀, ó yọ wàláà kẹta. Ó ní pátákó kò lè máa sọ tirẹ̀ kí wàláà máa sọ tirẹ̀. Ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ ọ́ síná. Baba dúró níbẹ̀, ó ń wo ibi tí wàláà náà ti fi àmì funfun sílẹ̀ lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. N kò sọ ọ́ síná. Ó wà nínú àpótí mi pẹ̀lú ìyarun ìyá mi. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, níbi tí ráádíṣì wà, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yangàn, n kò sì ní wàláà kankan níbì kan tí wọ́n máa yọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Morio ti tú abọ́ ìrẹsì rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn. Ó jí ní ìdájí, ó ro omi nígbà ẹgbẹ̀ta, kò fi kan lé e. Tíṣà Kuramochi kò padà sílé, nítorí ẹni tó bá sá, omi ti ṣẹ́gun rẹ̀ nìyẹn. Kó tó wọlé, ó yọ́ wá bá mi.

"Tatsue, àwọn korobá yẹn… ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Ráádíṣì ló wà nínú wọn, Tíṣà."

Ó wúkọ́, ó lọ. Ó rì í dé ọrùn. Mo gbọ́ tó ń fi ohùn tínńrín kígbe láti inú lọ́hùn-ún pé, "Èyí lomi! Èyí gan-an lomi!" Nígbà tó jáde wá láti gba atẹ́gùn, ó pọ́n bí akàn inú ọbẹ̀ wa.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Baba dé pẹ̀lú aṣọ ìnura kékeré lọ́rùn. Kò wo òkè ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ sétí ọpọ́n, ó ká aṣọ sókè, ó ki apá òsì bọ inú omi dé ìgbúnwọ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó yọ ọ́. Ó pọ́n rokoṣo. Ó wò ó.

"Morio."

"Ọ̀gá."

"Omi rẹ dára ju tèmi lọ."

Mo fa aṣọ búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Morio ti la ẹnu láti sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ, pé rárá o, pé kò tó nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti kan ìwé inú àpò rẹ̀. Ó wá dúró. Ó wo ojú baba arúgbó náà, Baba kò sì tẹríba.

"Ṣé òótọ́ ni, Ọ̀gá?"

"Òótọ́ ni."

Morio yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, lójúkorojú, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó wé, kò sì wá nǹkan fi bojú.

Denroku wà nínú omi dé orúnkún, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni tó ń sunkún yẹn sún mọ́ ibí. Ẹ jẹ́ kí omijé ẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀, bóyá á tutù díẹ̀."

Baba Isokichi bọ́ aṣọ ìnura kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó nà án sí Morio.

"Nu ojú ẹ," ló wí. "A kì í fi ẹ̀kán kan kún un."